Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ ÌKÀWÉ: ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A RA ṢÍÀ, ÀTI BÍ A ṢE LÈ DÁÀBÒ BO OWÓ WA

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ òwò kan tí ó ti ń wọ àwọn ìlú wa díẹ̀díẹ̀. Òwò náà ni kí a ra ṣíà, kí a sì tún un tà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ nítorí èrè. Ní ìgbà àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ṣíà ní láti wá alágbàtà lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì dúró de ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ lè jókòó sí Igbótako tàbí Òde-Ìrèlè, kí ó rà, kí ó sì tà. Ọ̀nà náà ti yá. Ṣùgbọ́n bí ó ti yá láti jèrè, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yá láti pàdánù.

Ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ọjà ṣíà ti mú èrè wá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn. Òṣùwọ̀n gbogbo ọjà náà jẹ́ nǹkan bí 74,773 ní ìparí ọdún 2023. Nígbà tí yóò fi di ìparí ọdún 2024, ó ti di nǹkan bí 102,926. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìròyìn rẹ̀ a máa tàn kálẹ̀, àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ a sì máa sáré kó owó oko, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti owó ẹgbẹ́ wá. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni ra ṣíà, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ́ láti ka òwò náà léèwọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ó yé wa: ẹni tí yóò bá wọ òwò yìí gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò gbà jáde, àti iye tí ó lè pàdánù láìjẹ́ pé ilé rẹ̀ dàrú, kí ó tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀.

KÍ NI ṢÍÀ, NÍBO NI A SÌ TI Ń TÀ Á?

Ṣíà ni ìpín tí ènìyàn ní nínú ilé-iṣẹ́ kan. Bí a bá pín ilé-iṣẹ́ kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí ẹnì kan sì ra 100 nínú rẹ̀, onítọ̀hún ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín tirẹ̀ kéré. Àwa ará Ìkálẹ̀ mọ Okitipupa Oil Palm Plc dáadáa. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀ yìí ni ó ń fi hàn pé ilé-iṣẹ́ onípìn-ín ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀pẹ méjì tí wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, Okomu àti Presco, jẹ́ irú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, a sì ń ra ṣíà wọn, a sì ń tà á, ní ọjà ṣíà tí ó wà ní Èkó.

Ní ọdún 1960 ni wọ́n dá ọjà náà sílẹ̀ ní orúkọ Ọjà Ṣíà Èkó, òwò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1961. Ní ọdún 1977 ó di ti gbogbo Nàìjíríà, ní ọdún 2021 ni ó sì gba orúkọ tí à ń pè é lónìí, NGX. Ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń ṣe àkóso rẹ̀ ni a ń pè ní SEC. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ni ṣíà kọ̀ọ̀kan ni CSCS, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1997. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọ ọjà náà fúnra rẹ̀. Alágbàtà tí SEC fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó lè bá a rà, tí ó sì lè bá a tà.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà jèrè lórí ṣíà. Èkíní ni èrè tí ilé-iṣẹ́ máa ń pín fún àwọn onípìn-ín. Èkejì ni kí a rà á ní iye tí ó kéré, kí a sì tà á ní iye tí ó pọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

OHUN TÍ ÀWỌN ELÉPO WA TI MỌ̀

Òwò yìí kò ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ọdún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù lọ lórí ọ̀pẹ. Nígbà náà ni epo máa ń kún ọjà, tí iye owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n gbọ́n a máa ra epo sínú àgbá àti kẹ́ẹ̀gì ní àkókò náà, wọ́n a sì kó o pamọ́ di ìgbà tí ẹyìn bá wọ́n, kí wọ́n tó tà á.

Ìyá elépo tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn rà nítorí pé ó rí epo. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó máa ń bi ara rẹ̀. Èkíní: ǹjẹ́ epo ti wálẹ̀ tán, tàbí ó ṣì ń lọ sílẹ̀? Èkejì: ǹjẹ́ epo náà dára, ǹjẹ́ wọn kò bu omi sí i? Ẹ̀kẹta: owó ta ni mo fi ń rà á, ìgbà wo ni olówó yóò sì béèrè owó rẹ̀? Ẹ̀kẹrin: bí iye owó epo kò bá gòkè bí mo ti rò, nígbà wo ni n óò tà á, èló ni mo sì lè gbà kí ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí gan-an ni ẹni tí ó ń ra ṣíà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí epo kò bá tà, a lè fi se ọbẹ̀, a sì lè fi ṣe ọṣẹ. Bí ṣíà bá wó lulẹ̀, kò sí ohun tí a lè fi sè. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn elépo mọ̀ pé ọdún kò lè ṣe kí ìgbà ọ̀wọ́n má dé. Ní ọjà ṣíà, kò sí òfin kan tí ó ní kí iye tí ó lọ sílẹ̀ tún gòkè.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2008

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìdẹ́rùbà lásán, kí ó gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 2004, ilé ìfowópamọ́ àgbà ti ìjọba, CBN, pàṣẹ pé kí ilé ìfowópamọ́ kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Àwọn ilé ìfowópamọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣíà fún àwọn ará ìlú. Olùkọ́, oníṣòwò, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n rà á. Iye owó ṣíà ń gòkè lójoojúmọ́, ó sì dà bí ẹni pé kò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ohun tí ó burú jù ni pé àwọn ilé ìfowópamọ́ ń yá àwọn alágbàtà àti àwọn oníbàárà ní owó láti fi ra ṣíà, ṣíà tí wọ́n rà náà sì ni wọ́n fi ń dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà náà dé 66,371. Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọdún náà parí, ó ti di 31,450. Nígbà tí ọdún 2009 parí, ó ti di 20,827. Èyí túmọ̀ sí pé, bí a bá fi ojú gbogbo ọjà wò ó, 100 náírà tí ènìyàn kó síbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008 ti di nǹkan bí 31 náírà kí ọdún méjì tó pé. Ọ̀pọ̀ tí ó fẹ́ tà kò rí ẹni tí yóò rà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, ọjà náà tilẹ̀ ṣe òfin pé iye owó ṣíà kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ ní ọjọ́ kan. Wọ́n rò pé èyí yóò dá ìwó náà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ rà kò ní ra nǹkan tí ó mọ̀ pé yóò tún sọ̀kalẹ̀ lọ́la. Ẹni tí ó fẹ́ jáde kò rí ọ̀nà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, CBN yọ àwọn olórí ilé ìfowópamọ́ márùn-ún nípò, ó sì tún yọ mẹ́ta sí i kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún 2010, ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti ra gbèsè tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ àwọn ilé ìfowópamọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Àwọn tí wọ́n ní ṣíà níbẹ̀ kò sì rí nǹkan kan gbà.

Nígbà wo ni òṣùwọ̀n ọjà náà tó padà sí ibi tí ó wà ní oṣù kẹta ọdún 2008? Ọdún 2023 ni. Ọdún 15 gbáko! Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti di ọ̀dọ́ tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré. Náírà ti ọdún 2023 pàápàá kò sì ra ohun tí náírà ti ọdún 2008 ń rà. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà lè dúró fún ọdún 15. Ẹni tí ó yá owó kò lè dúró. Ẹni tí ó sì ní ṣíà ilé-iṣẹ́ tí ó kú, bí ó dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí ohun tí ó ń bọ̀.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A RÀ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè kìíní ti ìyá elépo: ǹjẹ́ ó ti wálẹ̀ tán? Kò sí ẹni tí ó mọ ìsàlẹ̀ ọjà kí ó tó kọjá. Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ̀ ọ́n ń tan ara rẹ̀ ni, tàbí ó ń tan ẹlòmíràn. Ohun tí a lè ṣe ni kí a dúró títí ọjà yóò fi fi àmì hàn.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì máa kọ iye owó ṣíà kan sínú rẹ̀ ní ìparí ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ọjà náà a máa ṣí láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣe èyí fún ó kéré tán oṣù mẹ́ta kí ẹ tó fi owó kankan sílẹ̀. Ká ní iye owó ṣíà kan ti sọ̀kalẹ̀ láti 70 náírà dé 46. Ó wá gòkè díẹ̀ sí 49. Ó tún sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n 47 ni ó dé, kò dé 46 mọ́. Lẹ́yìn náà ó gòkè kọjá 49, ó sì dé 50. Ìtumọ̀ èyí ni pé àwọn tí ń tà ti ń rẹ̀wẹ̀sì, àwọn tí ń rà sì ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó rà á ní 50 kò rà á ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ní ìdí tí ó fi rà á, ó sì mọ ibi tí ìdí náà yóò ti bàjẹ́: bí iye náà bá tún sọ̀kalẹ̀ kọjá 46, àmì tí ó rí ti di irọ́. Ẹni tí ó rà á ní 60 nígbà tí ó ṣì ń já bọ̀, nítorí pé ó ti jẹ́ 70 rí, dà bí ẹni tí ó lọ dúró sábẹ́ igi tí ń wó.

Àwọn ohun mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ wò kí a tó rà.

Ẹ wo iye ṣíà tí ó ń yí ọwọ́ padà lójúmọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí ẹnì kan tó ra ṣíà wọn. Irú wọn lè dára fún ẹni tí ó fẹ́ fi owó pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tí ó fẹ́ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má ṣe lé ohun tí ó ti sá lọ. Iye owó ọ̀pọ̀ ṣíà kò lè gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ ní ọjọ́ kan. Bí ẹ bá rí ṣíà kan tí ó ti gòkè ní ìdá 10 fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra, tí gbogbo ènìyàn sì ń pariwo rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti rà á tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò tà á fún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ẹ ṣọ́ra fún èrè tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ pín. Ọ̀pọ̀ a máa sáré ra ṣíà kí ọjọ́ àkọsílẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n lè gba èrè náà. Ká ní ṣíà jẹ́ 50 náírà, ilé-iṣẹ́ náà sì fẹ́ pín 4 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọjọ́ náà bá kọjá, ọjà yóò yọ 4 náírà kúrò lára iye ṣíà náà, yóò di 46. Ìjọba yóò sì gba owó orí ìdá 10 nínú 100 lórí 4 náírà náà, 3 náírà àti 60 kọ́bọ̀ ni yóò sì kù. Ẹni tí ó rò pé òun rí owó ọ̀fẹ́ ti pàdánù díẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ rà á fún alágbàtà gan-an. Ẹ má ṣe sọ pé kí ó rà á ní iye yòówù tí ó bá bá a.

Ìbéèrè kejì ti ìyá elépo ni ti ojúlówó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà ní ọjà NGX gbọ́dọ̀ máa gbé ìṣirò owó wọn jáde fún gbogbo ayé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ wò ó bóyá wọ́n jèrè tàbí wọ́n pàdánù, bóyá gbèsè wọn ń pọ̀ tàbí ó ń dín kù. Bí kò bá yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ìṣirò owó. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní àkókò dà bí epo tí a kò jẹ́ kí a ṣí ìdérí rẹ̀ wò.

ÀÀLÀ ÀDÁNÙ

Ibí ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa wà. Kí a tó ra ṣíà kan, a gbọ́dọ̀ kọ iye kan sílẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí ṣíà náà bá sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀, a ó tà á láìjiyàn. Iye náà ni a pè ní ààlà àdánù. Nínú àpẹẹrẹ wa, a rà á ní 50, a sì fi ààlà sí 45, nítorí pé bí ó bá kọjá 46, ìdí tí a fi rà á kò sí mọ́.

Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tètè gé àdánù? Ìṣirò ni yóò dáhùn. Bí 100 náírà bá di 90, èrè ìdá 11 nínú 100 tó láti mú un padà bọ̀ sípò. Bí ó bá di 50, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kí ó tó padà. Bí ó bá sì di 31, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lẹ́yìn ọdún 2008, ó gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Àdánù kékeré ṣeé wò sàn. Àdánù ńlá a máa gba ọdún lọ́wọ́ ènìyàn.

Ohun tí ó ń ṣòro fún ọmọ ènìyàn ni pé kò fẹ́ gbà pé òun ti ṣìnà. Ó wà ní 45, yóò ní kí òun dúró di ọ̀la. Ó di 40, yóò ní yóò padà. Ó di 30, yóò ní òun kò tà á mọ́, pé òun fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òun. Òwò ọ̀sẹ̀ méjì ti di ogún. Nítorí náà ni a fi ní kí a kọ ààlà náà sílẹ̀ kí a tó rà, nígbà tí ojú wa ṣì mọ́lẹ̀ tí àyà wa kò tíì já.

Ẹ tún mọ̀ pé ààlà kì í ṣe odi. Nítorí òfin ìdá 10 tí a sọ lókè, ṣíà tí ó jẹ́ 50 lè sọ̀kalẹ̀ sí 45 lójúmọ́ kan láìsí ẹni tí yóò rà á, kí ó sì tún di 40 náírà àti 50 kọ́bọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí iye tí a fi rà á pàápàá fi gbọ́dọ̀ níwọ̀n.

ÈLÓ NI KÍ A FI RÀ Á?

Ká ní ìyá kan ní 500,000 náírà tí ó yà sọ́tọ̀ fún òwò yìí. Kí ó má ṣe gbà kí òwò kan ṣoṣo mú ju ìdá 2 nínú 100 owó náà lọ. Ìdá 2 nínú 100 jẹ́ 10,000 náírà.

Ó fẹ́ ra ṣíà ní 50, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 45. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè pàdánù 5 náírà. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé owó alágbàtà àti owó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ti ọjà. Alágbàtà lè gbà tó ìdá 1.35 nínú 100 nígbà tí a bá rà, kí ó sì tún gba bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá tà. SEC, NGX, CSCS àti ìjọba náà ní tiwọn. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ríra àti títà lè sún mọ́ ìdá 4 nínú 100. Lórí ṣíà 50 náírà, èyí jẹ́ 2 náírà. 5 pẹ̀lú 2 jẹ́ 7.

Bí a bá pín 10,000 sí ọ̀nà 7, yóò fún wa ní díẹ̀ lé ní 1,400. Nítorí náà kí ó ra ṣíà 1,400, èyí tí yóò jẹ́ 70,000 náírà. Bí ó bá ní láti tà á ní 45, yóò pàdánù 7,000 náírà lórí iye ṣíà àti nǹkan bí 2,800 lórí owó òwò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,800. Ó ṣì ní ju 490,000 lọ lọ́wọ́, ó sì lè sun oorun rẹ̀.

Èló ni ó yẹ kí ó retí gẹ́gẹ́ bí èrè? Kí èrè tí a ń lé tó ìlọ́po méjì àdánù tí a lè fara gbà. Bí àdánù bá jẹ́ 7 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èrè tó 14. Nítorí náà ṣíà tí ó rà ní 50 gbọ́dọ̀ lè dé nǹkan bí 66 tàbí díẹ̀ sí i, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó òwò. Bí kò bá sí ìdí tí ó fi lè dé ibẹ̀, kí ó má rà á rárá.

Ẹ wo ohun tí ìlànà yìí lè ṣe. Ká ní ìyá yìí ṣe òwò 10. Mẹ́fà nínú wọn kò dára, ó sì pàdánù 10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60,000. Mẹ́rin péré ni ó dára, ó sì jèrè 20,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 80,000. Ó ṣì jèrè 20,000 náírà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣìnà ju bí ó ti tọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kí òwò kan ṣoṣo nínú mẹ́fà náà kọjá ààlà, tí ó sì mú 60,000 lọ dípò 10,000, gbogbo làálàá òwò mẹ́wàá ti di àdánù 30,000. Nípa èyí ni a fi mọ̀ pé kì í ṣe mímọ ìgbà tí a ó rà nìkan ni ó ń gba owó wa là. Mímọ ìgbà tí a ó tà ni.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí a má ṣe kó gbogbo owó wa sórí ilé-iṣẹ́ kan. Kí a má sì rò pé bí a bá ra ṣíà ilé ìfowópamọ́ márùn-ún, a ti pín in. Ní ọdún 2008, gbogbo wọn ni wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀.

OWÓ TA NI?

Èyí ni ìbéèrè kẹta. Owó tí a óò fi ra oúnjẹ, owó ilé ẹ̀kọ́, owó ìwòsàn, owó tí a óò fi gba alágbàṣe oko, kò sí èyí tí ó yẹ kí ó wọ òwò yìí. Owó tí a yá lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí lórí fóònù kò yẹ rárá. Owó èésú tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ kì í ṣe ti akápò láti fi dán ọjà wò. Gbèsè kì í dúró de ọjà. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè yóò ní láti tà ní ọjọ́ tí olówó bá béèrè, ọjọ́ náà sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí ọjà burú jù.

Kí a sì rántí pé owó ṣíà tí a tà kì í wọlé lójú ẹsẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń gbà. Ní ọdún 2025 ni wọ́n dín in kù sí méjì. Ẹni tí ọ̀ràn ìwòsàn bá dé bá lóru kò lè tà á ní òru.

ẸNI TÍ Ó BÁ NÍ ÈRÈ DÁJÚ

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wa ni ti àwọn ẹlẹ́tàn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, MMM ti ọ̀nà mọ́ owó àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn tí wọ́n kó owó sínú CBEX kò rí i yọ mọ́, inú sì bí àwọn kan tí wọ́n fi lọ kó ẹrù ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọjà ṣíà, ṣùgbọ́n orúkọ òwò ni wọ́n fi bora. Ẹni tí ó ń ṣe òwò ṣíà ní tòótọ́ mọ̀ pé a lè pàdánù. Ẹni tí ó bá ní òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po méjì ní oṣù kan, láìsí àdánù, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní owó, ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí SEC fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ má sì ṣe fi owó ṣíà sínú àpò ìfowópamọ́ tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

ÀKÓPỌ̀ Ẹ̀KỌ́

1. Ẹ kọ iye owó sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó rà ohunkóhun.
2. Ẹ dúró de àmì. Ẹ má ṣe ra ohun tí ń já bọ̀, ẹ má sì ṣe lé ohun tí ó ti sá lọ.
3. Ẹ kọ ààlà àdánù sílẹ̀ kí ẹ tó rà, kí ẹ sì pa á mọ́.
4. Kí òwò kan má ṣe lè mú ju ìdá 2 nínú 100 owó òwò yín lọ.
5. Ẹ ka owó alágbàtà mọ́ ìṣirò yín.
6. Ẹ má ṣe fi owó tí ẹ yá tàbí owó ẹlòmíràn ra ṣíà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíkó epo pamọ́ àti ríra ṣíà?
2. Bí ènìyàn bá ní 200,000 náírà fún òwò yìí, èló ni ìdá 2 nínú 100 rẹ̀? Bí ó bá fẹ́ ra ṣíà ní 20 náírà, tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 18, tí owó òwò sì jẹ́ ìdá 4 nínú 100, ṣíà mélòó ni ó yẹ kí ó rà?
3. Kí ni ìdí tí ẹni tí ó yá owó ní ọdún 2008 fi jìyà ju ẹni tí ó lo owó ara rẹ̀ lọ?

Kí ẹni tí ó mọ ìwé kà ka ẹ̀kọ́ yìí sétí àwọn tí kò lè kà á, pàápàá àwọn ìyá wa nínú ọjà, kí ẹ sì jọ ṣe ìṣirò ìbéèrè kejì lórí pátákó. Ìdáhùn rẹ̀ ni ṣíà 1,428. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá a dúró sí 1,400 ni a ó fún ní máàkì jù lọ, nítorí pé ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀.